Ta Ló Dákẹ́? Ìtàn Asọ̀rọ̀mágbèsì àti Ẹ̀rọ Tó Gbọ́dọ̀ Fèsì

Ìtàn tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ kan tí a kò ní dárúkọ, ó sì yanjú ní Bẹyẹrúnkà, ní àárín Ìbàdàn àtijọ́. Ìtàn ẹ̀rọ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí kò ka ìmọ̀ ẹ̀rọ rárá lè bá wa lọ, nítorí ohun tó wà nídìí rẹ̀ kò ju ìbéèrè kan lọ: bí ẹni tí a rán níṣẹ́ bá dákẹ́, báwo la ṣe máa mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti já?

Àwa mẹ́ta la jọ wà níbi iṣẹ́ náà. A wà lórí SIWES, ètò tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1973 kí akẹ́kọ̀ọ́ má baà gboyè jáde láì tíì fọwọ́ kan irinṣẹ́. Ohun mímu inú ìgò ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Bẹ́líìtì gígùn kan ló ń gbé ìgò láti ibi tí wọ́n ti ń fọ̀ ọ́ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń dé e lórí. Kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ kan, èyí tí wọ́n ń pè ní PLC, ló ń darí gbogbo rẹ̀ láti inú àpótí irin ní igun ilé. PLC kò lè fúnra rẹ̀ dé gbogbo ibi tí bẹ́líìtì gbà, nítorí náà wọ́n to module 6 sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àpótí kékeré tirẹ̀. Module ni ojú PLC: bí ìgò bá kọjá níwájú sensor, òun ló máa sọ. Òun náà ni ọwọ́ rẹ̀: bí PLC bá ní kí mọ́tò yí, òun ló máa tan án. Wáyà kan ṣoṣo, tó ní okùn méjì nínú, ló so gbogbo wọn pọ̀. Ó ti ara PLC bọ́ sí ara module kìíní, ó ti ibẹ̀ bọ́ sí ara èkejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé ara ẹ̀kẹfà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bẹ́líìtì dúró. Ojú kọ̀ǹpútà sọ pé module kẹrin kò fèsì. A pa á, a tún un tàn, ó ṣiṣẹ́ fún bí ogún ìṣẹ́jú, ó tún dúró. Wọ́n fún wa ní module tuntun, a pààrọ̀ rẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ di ọjọ́ kejì, ó tún dúró. A pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Module kì í ṣe ohun olówó pọ́ọ́kú, òkè òkun ló sì ti ń wá. Àwọn ọ̀gá ti ń wò wá bí ẹni wo ọmọ tó ń fọ́ àwo.

Nígbà tí bẹ́líìtì dúró lẹ́ẹ̀kẹta, ìgò kan há sáàárín irin. Ọ̀kan nínú wa na ọwọ́ láti yọ ọ́. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan bọ́tìnnì kankan, bẹ́líìtì sì ṣàdédé gbéra. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Apá aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ni irin fà ya, ọwọ́ rẹ̀ kọ́. Kò sẹ́ni tó jẹun nínú wa lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ọ̀kan nínú wa jẹ́ ọmọ Bẹyẹrúnkà. Ó ní bàbá àgbà kan wà ní àdúgbò àwọn tó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ iná ní ilé iṣẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì, tó sì ń tún rédíò ṣe níwájú ilé rẹ̀ báyìí. Ní ọjọ́ Sátidé a wọ ọkọ̀ dé Bẹẹrẹ, a fẹsẹ̀ gun òkè Mápó kọjá gbọ̀ngàn ńlá tí wọ́n ṣí ní 1929, a gba Ọjà'ba dé ọ̀dọ̀ bàbá náà. Àwọn ọkùnrin inú wa dọ̀bálẹ̀, obìnrin inú wa kúnlẹ̀. A rò fún wọn. Wọn kò béèrè irú module tó jẹ́, wọn kò sì béèrè ilẹ̀ tí wọ́n ti ṣe é.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, mélòó ló dákẹ́?"

A ní ẹ̀kẹrin ni, bàbá.

"Ẹ̀kẹrin nìkan?"

A wo ara wa. Òótọ́ ni pé bí ẹ̀kẹrin bá ti dákẹ́, ẹ̀karùn-ún àti ẹ̀kẹfà náà kì í fèsì mọ́. A rí i lójú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n orúkọ tó kọ́kọ́ jáde la gbá mú.

"Èwo ló sọ̀rọ̀ kẹ́yìn?"

Ẹ̀kẹta ni, bàbá.

"Kí ló wà láàárín ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin?"

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Bàbá tún rédíò ọwọ́ wọn gbé sókè, wọ́n ní, "Wáyà ni. Ẹ ti ra ọmọ ọlọ́mọ méjì, ẹ ò tíì wo ọ̀nà tí ọmọ gbà."

Wọ́n wá sọ pé ọ̀ràn yìí kì í ṣe tuntun, pé nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé, àpótí asọ̀rọ̀mágbèsì ni wọ́n fi ń kọ́ irú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú wa padà sínú ìtàn.

Ajẹ́lẹ̀ àti babakékeré

Ìbàdàn ti mọ ìṣòro yìí kí iná mànàmáná tó dé ilẹ̀ Yorùbá. Ibùdó ogun ni ìlú yìí ní nǹkan bí 1829. Lẹ́yìn tí àwọn jagunjagun rẹ̀ ṣẹ́gun Ìlọrin ní Òṣogbo ní 1840, agbára rẹ̀ tàn dé ọ̀pọ̀ ìlú ní apá Ọ̀ṣun, Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì. Àwọn ìjòyè kò lè kó kúrò nílé lọ máa gbé gbogbo ìlú wọ̀nyí, nítorí náà wọ́n fi ajẹ́lẹ̀ síbẹ̀. Ajẹ́lẹ̀ ń wo ohun tó ń lọ, ó ń ránṣẹ́ sílé, ó ń gba ìṣákọ́lẹ̀, ó sì ń mú àṣẹ Ìbàdàn ṣẹ. Nílé, ìlú kọ̀ọ̀kan ní ìjòyè tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń gbà ọ̀dọ̀ rẹ̀ wọlé. Babakékeré ni wọ́n ń pè é.

Ojú àti ọwọ́ Ìbàdàn ni ajẹ́lẹ̀ lókèèrè, bí module ti jẹ́ ojú àti ọwọ́ PLC. Ṣùgbọ́n ènìyàn ni ajẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì fi ìyà jẹ ìlú tí wọ́n wà. Ní 1878, Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀ ìlú rẹ̀. Ogun Kírìjì tí Ìbàdàn bá Èkìtì Parapọ̀ jà kò rọ̀ bọ̀rọ̀: 1886 ni wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà, 1893 ni àwọn ọmọ ogun tó tú ká kúrò ní bùdó.

Ẹ̀kọ́ tí a mú níbẹ̀ ni pé ìròyìn tó dé ilé kọ́ ni ohun tó wà nínú ìlú. Ìjòyè tó jókòó ní Ìbàdàn, tó sì gba ẹnu ajẹ́lẹ̀ nìkan gbọ́, kò lè mọ bí inú ìlú ti ń ru. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwa tí a gba ojú kọ̀ǹpútà gbọ́. Ó sọ pé "module kẹrin kò fèsì." Òótọ́ ló sọ. Kò sọ pé module kẹrin ti bàjẹ́. Àwa la fi ìyẹn kún un.

Àpótí ara ògiri

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá 1935, ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ ètò rédíò onígbà-wáyà ní Èkó, lábẹ́ ẹ̀ka tó ń mójú tó ìwé fífi ránṣẹ́ àti tẹlifóònù. Ní 1939 ó dé Ìbàdàn. Rediffusion lorúkọ tó mọ́ àwọn ènìyàn lẹ́nu. Ilé iṣẹ́ náà fi ẹ̀rọ ńlá gba ohùn láti afẹ́fẹ́, pàápàá jù lọ ohùn BBC láti Lọ́ńdọ̀nù, ó sì fi wáyà pín in sí ilé àwọn tó ń san owó oṣooṣù. Ohun tó wà nílé oníbàárà kò ju àpótí kan lára ògiri lọ, tó ní gbohùngbohùn nínú àti ibi tí wọ́n ti ń yí ohùn sókè sódò. Ọdún tó dé Ìbàdàn yẹn ni ogun àgbáyé kejì bẹ̀rẹ̀, inú àpótí yẹn sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbọ́ ìròyìn rẹ̀.

Yorùbá wo ẹ̀rọ yìí, wọ́n sọ ọ́ lórúkọ tó bá a mu: asọ̀rọ̀mágbèsì. Ó ń bá ọ wí, o kò lè dá a lóhùn. Orúkọ yẹn bo rédíò gbogbo mọ́lẹ̀ nígbà tó yá, títí tí rédíò aláìnílò wáyà fi gba ipò àpótí náà.

Ẹ wo ohun tí àìgbèsì yìí ń dá sílẹ̀. Bí àpótí ilé kan bá dákẹ́, ilé iṣẹ́ tó ń pín ohùn kò lè mọ̀, nítorí kò sí ohun tó ń padà bọ̀ lára wáyà. Ẹni tó lọ ń tún un ṣe ní láti fi ẹsẹ̀ rìn. Bàbá wa ní Bẹyẹrúnkà sọ bí àwọn àgbà iṣẹ́ ṣe kọ́ àwọn: má tíì tú àpótí onílé, lọ bi ará ilé kejì bóyá tiwọn ń sọ̀rọ̀. Bí tiwọn bá ń sọ̀rọ̀, inú ilé yìí lọ̀ràn wà. Bí tiwọn náà bá dákẹ́, máa bọ̀ lápá ibi tí ohùn ti ń wá, títí o fi máa kan ilé tó ń sọ̀rọ̀. Ibi tí wáyà ti já wà láàárín ilé tó sọ̀rọ̀ kẹ́yìn àti ilé tó kọ́kọ́ dákẹ́.

Ìlànà tí a pàdánù module méjì nítorí pé a kò mọ̀ ọ́n nìyẹn.

Láti ọ̀pọ̀ wáyà dé wáyà kan

Ní ilé iṣẹ́ ayé àtijọ́, relay ló ń ṣe ìpinnu: irin kékeré tí iná ń fà wọlé, tó sì ń tan iná mìíràn. Ògiri kan lè kún fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún relay. Bí wọ́n bá fẹ́ yí iṣẹ́ padà, wọ́n ní láti tú wáyà kí wọ́n sì tún un dì. Ní 1968, ẹ̀ka Hydramatic ti General Motors ní Amẹ́ríkà béèrè ohun tó máa gbà wọ́n lọ́wọ́ ìyà yìí. Dick Morley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bedford Associates ṣe ẹ̀rọ kan tí wọ́n pè ní 084, nítorí pé iṣẹ́ kẹrìnlélọ́gọ́rin wọn ni. Ní 1969 ni Modicon gbé e jáde, òun sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní PLC àkọ́kọ́.

PLC mú relay kúrò, kò mú wáyà kúrò. Sensor kọ̀ọ̀kan ṣì ń fa wáyà tirẹ̀ bọ̀ láti òpin ilé wá sínú àpótí àgbà. Ó wúwo, ó gba owó, ṣùgbọ́n ó ní àǹfààní kan: bí wáyà kan bá já, ojú kan ṣoṣo ló fọ́. Ní 1979, Modicon gbé Modbus jáde, èdè tí ẹ̀rọ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ní 1983, RS-485 ṣàlàyé bí wáyà olókùn méjì ṣe lè gbé ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ. PROFIBUS jáde láti Jámánì ní ìparí àwọn ọdún 1980, EtherCAT sì tẹ̀lé e ní 2003. Module kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ PLC, ó lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ iṣẹ́. Wáyà dín kù, ṣùgbọ́n bí wáyà kan tó kù yìí bá já, gbogbo àdúgbò ló dákẹ́, gẹ́gẹ́ bíi ti Rediffusion.

Èsì mẹ́ta

Ohun tó yàtọ̀ ni pé àwọn ẹ̀rọ tuntun yìí gbọ́dọ̀ fèsì. Àwọn tó ń wọn omi nínú táńkì ló tètè mọ àǹfààní rẹ̀. Wọ́n ń fi iná láti 4 mA dé 20 mA sọ bí omi ti pọ̀ tó. Kí ló dé tí wọn kò bẹ̀rẹ̀ láti 0? Bí táńkì bá ṣófo, 4 ló máa wá. Bí wáyà bá já, 0 ló máa wá. Òfo àti ìdákẹ́ kì í ṣe ọ̀kan náà, wọn kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣì í mú.

Ní Modbus, PLC máa ń pe module ní nọ́ńbà, láti 1 dé 247, ó sì máa ń dúró de èsì. Èsì méjì ló lè wá. Èkíní ni ohun tí ó béèrè gan-an. Èkejì ni "mi ò ní ohun tí ẹ béèrè." Ẹni tó ń wá àléébù gbọ́dọ̀ yọ̀ bí ó bá rí èkejì yìí, nítorí ó fi hàn pé wáyà dára, iná dára, module wà láàyè, bóyá nọ́ńbà ohun tí a béèrè ni a kọ ṣì. Ẹ̀kẹta kì í ṣe èsì: ìdákẹ́ ni. Ìdákẹ́ nìkan ló ń rán wa lọ wo iná module bóyá ó pé volt 24, bóyá ẹ̀rọ méjì ń jẹ́ nọ́ńbà kan náà, bóyá wáyà ti já, tàbí bóyá wọ́n tẹ́ ẹ mọ́ wáyà mọ́tò ńlá tó ń da ariwo bò ó.

Ohun kan tó pa wá lẹ́rìn-ín ni pé nọ́ńbà 0 wà nínú Modbus. Bí PLC bá pe 0, gbogbo module ló ń gbọ́, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì gbọ́dọ̀ dáhùn. Asọ̀rọ̀mágbèsì ṣì wà nínú ẹ̀rọ òde òní.

Ọjọ́ Ajé

Bàbá fún wa ní ìkìlọ̀ kan kí a tó kúrò. Wọ́n sọ ọ́ pẹ̀lú ohùn Ìbàdàn, wọn kò sì rẹ́rìn-ín: "Ẹ mọ́ fọwọ́ kàn án títí ẹ ó fi pa iná, kẹ́ ẹ fi àgádágodo tì í, kí kọ́kọ́rọ́ sì wà lápò yín." Ìgbà yẹn ló yé wa ohun tó fẹ́ gé ọwọ́ ẹgbẹ́ wa. Nígbà tí module dákẹ́, mọ́tò kú. Ṣùgbọ́n nínú PLC, àṣẹ pé kí mọ́tò máa yí kò kúrò. Nígbà tí wáyà tún fara kan ara rẹ̀, àṣẹ náà dé, bẹ́líìtì sì gbéra. Ẹ̀rọ tó dákẹ́ kò kú. Ó lè jẹ́ pé ọ̀nà ni kò tíì là.

Ní ọjọ́ Ajé, a pa iná, a tì í, a fi káàdì orúkọ wa kọ́ ọ. Irú wáyà yìí máa ń ní resistor ohm 120 ní orí rẹ̀ àti ní ìdí rẹ̀. Bí ọ̀nà bá pé, ẹni tó bá fi mítà wọn okùn méjèèjì máa rí nǹkan bí ohm 60, nítorí méjèèjì ló ń rí pa pọ̀. A wọ̀n ọ́n láti ẹ̀gbẹ́ PLC: 120. Ó ń rí ti orí nìkan; kò rí ti ìdí. A lọ sí ara module kẹta, a fi ìka kan mi wáyà tó jáde láti ara rẹ̀ lọ sí ẹ̀kẹrin. Mítà fò sí 60, ó tún padà sí 120. Súkúrù kékeré kan tó yẹ kó di wáyà mú ti tú díẹ̀. Bí mọ́tò ńlá bá ti ń mi ilẹ̀, wáyà á bọ́. Bó bá yá, á tún fara kàn án. A fún súkúrù náà le. Bẹ́líìtì kò tún dúró nítorí rẹ̀ mọ́ títí a fi parí SIWES.

A tún bẹ ọ̀gá wa pé kí wọ́n yí ètò inú PLC padà, kí ó jẹ́ pé bí module bá dákẹ́, àṣẹ mọ́tò yóò parẹ́, ènìyàn ni yóò sì tún un tẹ̀ kí bẹ́líìtì tó gbéra. Wọ́n gbà.

Ohun tí a fẹ́ sọ

Ìwé tí a ń kà ní yunifásítì ní gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nínú: Modbus, RS-485, ohm 120. A ti kọ ọ́ nínú ìdánwò, a sì gba máàkì. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí bẹ́líìtì dúró, kò sí èyí tó wá sọ́kàn wa. Ìbéèrè mẹ́ta ní èdè tí a fi bí wa ló là wá lójú: Mélòó ló dákẹ́? Ta ló sọ̀rọ̀ kẹ́yìn? Kí ló wà láàárín wọn? Ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ irú ìbéèrè yìí kò kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n jókòó níwájú ilé ní Bẹẹrẹ, ní Ọjà'ba, ní Bẹyẹrúnkà, pẹ̀lú rédíò ọlọ́jọ́ pípẹ́ lórí tábìlì, àwa ọmọ ìwé sì ń gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá lọ wá module tuntun.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí àgbà kan bá wà nílé yín tó bá wáyà, rédíò tàbí tẹlifóònù ṣiṣẹ́ rí, ẹ lọ bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe ń wá ibi tí ọ̀rọ̀ ti já, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní Yorùbá. Ẹ lọ nísinsìnyí tí wọ́n ṣì lè fèsì.